Ọmọ mi ń wọ JSS1 bọ́dìn ní September: kí ni mo máa kọ́kọ́ rà, ìwé wo ni mo máa tọ́jú?

ÌyáTósìn_Kàbà

Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òjò o. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti mú ọmọ lọ sí bọ́dìn rí. Àkọ́bí mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde Primary 6, ọmọ ọdún 11 ni, wọ́n sì ti fún un ní àyè JSS1 ní ilé ìwé kan lápá Yàgbà, September ni wọ́n máa wọlé. Lísìtì tí wọ́n kó fún wa kún iwájú kún ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì mẹ́ta, bókẹ́ẹ̀tì méjì, ọkọ́, àdá, ìgbálẹ̀, fúláásì, Milo, kọ́ńfúlẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹ̀ ṣá. Bàbá rẹ̀ wà ní Abuja, owó tó fi ránṣẹ́ ò lè ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó kaṣú tiwa sì ti tán nígbà tá a tún òrùlé ilé ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé èwo ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, èwo ló lè dúró? Wọ́n tún ní ká mú bátísáátífíkéètì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, wá, káàdì ọsibítù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, Olúwatósìn ni wọ́n kọ síbẹ̀, Tósìn ni wọ́n sì ń kọ ní puráímárì rẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣé ìyẹn lè dá wàhálà sílẹ̀? Ẹ̀kẹta, ó ní kí n ra fóònù fún òun. Ẹ̀kẹrin, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa náà ń wọ SS1, ó ní sáyẹ́ǹsì lòun máa ṣe torí pé ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.

Tíṣà_Ìjùmú

Màmá Tósìn, ẹ kú oríire ọmọ. Kẹ́ẹ tó lọ ra bókẹ́ẹ̀tì kankan, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ mú o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọba, èmi sì ni mo máa ń to orúkọ àwọn ọmọ fún WAEC, mo lè sọ fún yín pé ohun tó ń mú òbí sunkún jù nígbà SS3, orúkọ ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ: orúkọ tí wọ́n bá kọ sínú rẹ́jísítà lọ́jọ́ tó wọ JSS1 ló máa tẹ̀ lé e dé BECE, ìdánwò ìparí JSS, ní JSS3, òun náà ló máa dé WAEC àti NECO, tó bá wá di JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, JAMB ò ní bi ọmọ pé kí lorúkọ ẹ mọ́, inú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ni wọ́n ti ń fà á jáde, láti 2021 ni wọ́n ti sọ NIN di dandan. Ọmọ kan wà tí sáátífíkéètì rẹ̀ jẹ́ Oluwaseun, rẹ́jísítà ní Seun, NIN ní Oluwasheun pẹ̀lú h. Èèyàn kan ṣoṣo nìyẹn o, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà èèyàn mẹ́ta ni. Ẹ wá lọ máa sáré kóòtù àti ìwé ìròyìn nígbà táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé ìdánwò.

Torí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NPC, àjọ ìjọba tó ń kọ ìbí ọmọ sílẹ̀, ẹ gbé káàdì ọsibítù yẹn dání, kí wọ́n fi ṣe bátísáátífíkéètì fún un. Orúkọ mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa jẹ́ títí láé, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kẹ́ẹ mú un lọ, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbà NIN fún un, wọ́n máa béèrè NIN tiyín tàbí ti bàbá rẹ̀ torí pé ọmọdé ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló ń gba owó gidi, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lójú sìkírìn kẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ tó ní òun ti parí. Tẹ́ ẹ bá wá dé ilé ìwé tuntun, ẹ dúró ti kíláàkì náà bó ṣe ń kọ ọ́, kẹ́ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ padà sí puráímárì rẹ̀ náà ní kíá kẹ́ni gbogbo tó lọ sí ìsinmi, ẹ gba tẹsitimóníà àti èsì ìdánwò Primary 6, kí hẹ́dmásítà kọ orúkọ tó pé síbẹ̀. Fọ́tókọ́pì ni kẹ́ẹ fún ilé ìwé, orígínà máa wà nílé nínú fáìlì kan.

MàmáÌbejì_Ìsánlú

Tíṣà ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹrù. Lísìtì yẹn ò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà yín màmá, púpọ̀ nínú ẹ̀ lè dúró. Ohun tí ọmọ nílò lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni fóòmù, ṣíìtì, aṣọ ìbora, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, bókẹ́ẹ̀tì kan, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, sálúbàtà, àwo àti ṣíbí, àpótí tó ní àgádágodo, yunifọ́ọ̀mù, ìwé àti bíírò. Tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti wà, á sùn, á jẹun, á wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Fúláásì, kọ́ńfúlẹ́ẹ̀sì, bókẹ́ẹ̀tì kejì, ìyẹn á tẹ̀ lé e lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Súwẹ́tà náà lè dúró di December torí ọyẹ́, àmọ́ kó má pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ o, ẹ mọ ọyẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa níbí pẹ̀lú òkè tó yí wa ká.

Fóòmù, ẹ má tíì rà á láì bi wọ́n bí bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe fẹ̀ tó, bọ́ńkì ilé ìwé máa ń tóóró. Yunifọ́ọ̀mù, ẹ sọ fún téló kó fi aṣọ sílẹ̀ dáadáa ní etí ìsàlẹ̀, kó ká a sínú kó ran án, ọmọ ọdún 11 ń ga kíákíá, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ kàn máa tú u sílẹ̀ ni. Orúkọ lára aṣọ, máákà máa ń ṣí, òwú ni kẹ́ẹ fi ran án sínú kọ́là àti sí etí ṣíìtì. Ti bókẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìṣó sínú iná kó gbóná, kẹ́ẹ fi kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà.

Oúnjẹ: gààrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà, súgà, mílíìkì, ó tó. Ẹ da gààrí sínú ike tó ní ìdérí, má ṣe sínú ọ̀rá, eku ń bẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Indomie ò wúlò níbi tí ò ti sí iná tó máa fi sè é. Ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fáwọn sẹ́níọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àpótí á ti gbẹ.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù. Ọmọ ọdún 11 ni, ó lè dé nígbàkigbà, ẹ má jẹ́ kó bá a lójijì láàárín àwọn tí ò mọ̀. Ẹ jókòó tì í nísinsìnyí, ẹ ṣàlàyé, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń lo páàdì hàn án, kẹ́ẹ wá fi páálí kan àti páńtì tó pọ̀ díẹ̀ sínú báàgì kékeré nínú àpótí rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé abẹ́rẹ́ HPV wà ní hẹ́ẹ̀tì séńtà, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni, ó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Kó gbà á kó tó lọ. Jẹ́nótáìpù rẹ̀ náà, ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera wọn. Tó bá ní ikọ́ ẹ̀fúùfù tàbí ohunkóhun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi pamọ́ fún wọn nítorí ìtìjú, nọ́ọ̀sì ò lè tọ́jú ohun tí ò mọ̀.

Bọ̀dá_Ẹ̀gbẹ́

Mo fẹ́ sọ tèmi, kì í ṣe láti ta ko ẹnikẹ́ni o. Ṣé dandan ni bọ́dìn ni? Kàbà tẹ́ ẹ wà yẹn, St. Augustine's ń bẹ níbẹ̀, St. Barnabas ń bẹ, FGGC, ilé ìwé ọmọbìnrin ti ìjọba àpapọ̀, ń bẹ fáwọn tó bá ṣe Common Entrance. Ọmọ lè máa tilé lọ. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 sọ ọ́ pé láti Primary 1 dé JSS3, ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ọ̀fẹ́ ni ìkọ́ni ní ilé ìwé ìjọba, ìjọba Kogi sì tún kéde ní 2024 pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn á máa san owó WAEC àti NECO fáwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba. Mo mọ̀ pé owó kéékèèké ṣì ń wọlé lórúkọ PTA, ẹ bèèrè ríséètì fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá san. Owó bọ́dìn yẹn, tẹ́ ẹ bá fi ra ìwé tẹ́ ẹ sì fi sanwó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà á jìn.

Ti ojú ọ̀nà náà tún ń kọ mí lóminú. Ẹ mọ bí ọ̀nà Kàbà sí Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ́ ti rí látọjọ́ táwọn ajínigbé ti ń yọ wá lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá máa mú un lọ, ẹ gbéra láàárọ̀, kẹ́ẹ ti padà délé kí oòrùn tó rọlẹ̀, ẹ sì bi ilé ìwé náà kẹ́ẹ tó sanwó: ṣé fẹ́ńsì yí wọn ká tán? Ta ló ń ṣọ́ ẹnu géètì lóru? Ṣé iná wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì? Omi, ṣé inú ọgbà ló wà àbí odò ni wọ́n ń lọ pọn ọ́n?

ÌyáTósìn_Kàbà

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo sì rò ó. Ọjà ni mo ń ná káàkiri, ọjọ́ mìíràn mo ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì lè má délé títí di alẹ́, kò sí àgbàlagbà nílé tó máa dúró tì í, ìyẹn ló jẹ́ ká mú bọ́dìn. Àmọ́ ìbéèrè fẹ́ńsì àti omi yẹn, mi ò rántí bi wọ́n rárá, mo máa pè wọ́n. Ta ló mọ̀ nípa SS1 àti fóònù o?

Tíṣà_Ìjùmú

Ti àbúrò ọkọ yín, ẹ pè é jókòó kẹ́ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe, kẹ́ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. JAMB, Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ dandan fún gbogbo wọn, wọ́n á wá fi mẹ́ta kún un gẹ́gẹ́ bí kọ́ọ̀sì bá ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì, Físíìsì ni, kò sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà, Lítíréṣọ̀ ń dúró dè é. Tí ọ̀rẹ́ bá mú un wọ sáyẹ́ǹsì, tí Físíìsì wá ṣòro fún un ní SS2, ìgbà yẹn ti pẹ́ kó tó wá sí áàtì. Ẹ gba èsì ìdánwò JSS3 rẹ̀ wò, kì í ṣe ti tẹ́ẹ̀mù kan, gbogbo ẹ̀, kẹ́ẹ wo ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì rẹ̀.

Kẹ́ẹ tún mọ̀ pé kọríkúlọ́ọ̀mù ti yí padà, láti September 2025 ìjọba àpapọ̀ ti dín súbújẹ́ẹ̀tì kù, SS1 dé SS3 máa ń ṣe mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, JSS sì ń ṣe méjìlá sí mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ni wọ́n tò síbẹ̀: síṣe iná sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Ẹ bi ilé ìwé rẹ̀ pé èwo ni wọ́n ní tíṣà fún, torí pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò ní gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èmi fẹ́ràn ti sólà fún ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ wo bí NEPA ṣe ń ṣe wá, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó wọ yunifásítì. Ẹ sọ fún un kó mú CA, ìyẹn máàkì iṣẹ́ kíláàsì, ní pàtàkì láti SS1, WAEC máa ń gba máàkì ilé ìwé láti ọdún yẹn, kì í ṣe SS3 nìkan.

Métírọ́nù_Mọ̀pà

Iṣẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ n dáhùn ti fóònù. Ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ bọ́dìn ò fàyè gbà á, tí wọ́n bá rí i wọ́n á gbà á, tí wọn ò bá rí i ẹlòmíì á jí i, kò sí èyí tó máa ṣe ọmọ láǹfààní. Nọ́ńbà métírọ́nù àti ti háósì místírẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ẹ gbà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá mú un dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú wọn kó dún, kí àwọn náà fi orúkọ Ìyá Tósìn pamọ́. Kí Tósìn mọ nọ́ńbà yín sórí pẹ̀lú, kó lè kà á láì wo ìwé. Owó àpò rẹ̀, ẹ fi sọ́wọ́ háósì místírẹ́ẹ̀sì, kó máa gbà á díẹ̀díẹ̀.

Nísinsìnyí tó ṣì wà lọ́dọ̀ yín, kó máa fọ aṣọ ara rẹ̀, pàápàá aṣọ funfun àti àwọ̀tẹ́lẹ̀. Kó máa so nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kó máa fi bókẹ́ẹ̀tì omi kan ṣoṣo wẹ̀ kó sì ṣẹ́kù èyí tó máa fi fọ ẹnu. Ọmọ tí wọ́n ti ń di irun fún nílé, ẹ gé e mọ́lẹ̀ tí ilé ìwé bá gbà bẹ́ẹ̀, ó ń gbà á lọ́wọ́ iná orí. Àwọn ọmọ tó mọ ìwọ̀nyí kì í ṣàìsàn bí àwọn tó kù, mo ń rí i lọ́dọọdún.

Á sunkún o, màmá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkejì, gbogbo wọn ló ń sunkún. Tó bá fi fóònù métírọ́nù pè yín pé ẹ wá mú òun, ẹ fetí sí i dáadáa kẹ́ẹ tó dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ pé àárò ilé ló ń ṣe é, ẹ tù ú nínú, ẹ sọ ọjọ́ ìbẹ̀wò fún un, kẹ́ẹ sì wá lọ́jọ́ náà láì yẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tó bá dárúkọ ẹnì kan, tó ní wọ́n ń na òun lóru, tàbí tó ní wọ́n ní kí òun má sọ̀rọ̀, tàbí ẹ gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbẹ̀wò kankan, ẹ wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lọ bá prínsípà tààrà, ẹ ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá síwájú yín. Ẹ sọ fún Tósìn kó tó lọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí òun tí òun kò lè sọ fún ìyá òun, yálà sẹ́níọ̀ ni, yálà tíṣà ni. Ẹ sọ ọ́ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

ÌyáTósìn_Kàbà

Àṣẹ màmá. NPC ni mo ń lọ ní Monday, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe NIN ọmọdé ní Kàbà tí èrò ò pọ̀, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí.