Ẹni tó sanra, tó sì fẹ́ kí ara òun le: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀

Àdùkẹ́ Gwarinpa: Ẹ̀yin ará Abuja, a ti gbà pé a ò ní bú ara wa mọ́ torí pé a sanra. Ìtọ́jú wá ńkọ́? Kí lẹ rí tó ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Kubwa: Ibi yíyẹ ìfúnpá (agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan) wò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn apá yín láàárín èjìká àti ìgúnpá. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ, aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n sábà máa ń wé mọ́ apá kò gbà yín, ó sì máa gbé ìfúnpá ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ béèrè èyí tó tóbi, 32 sí 42. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń loògùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o.

Bàbá Nyanya: Ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ má fi "ẹ fẹ́ràn ara yín" bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ọ̀rá inú ikùn léwu.

Nọ́ọ̀sì Kubwa: Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ wọn ikùn láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti orí eegun ìbàdí, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé. Tó bá ju ìdajì gíga yín lọ, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sí èébú níbẹ̀.

Ọmọ Lugbe: Ẹ lọ máa rìn létí adágún Jabi Lake ní ìrọ̀lẹ́. Ó tán.

Ìyá Ìbejì: Kò tán rárá! Itan tó ń ra ara wọn títí á fi bó ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé, kì í ṣe ọ̀lẹ, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta. Ẹ fi básílìn pa á, kẹ́ ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tó fún mọ́ itan sábẹ́ kaba. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀, títí ẹ ó fi dé 150 lọ́sẹ̀. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ yẹra fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àdùkẹ́ Gwarinpa: Ọ̀rọ̀ itan yìí gan-an!

Ọmọ Lugbe: Mo gbà, Ìyá Ìbejì. Zobo ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Fi èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, atalẹ̀ àti kánáfùrù sè é. Má fi ṣúgà sí i.

Bàbá Nyanya: Zobo láìsí ṣúgà? Ta ló máa mu ún? Ẹ kúkú jẹ àchà, ọkà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Hausa yẹn, dípò túwó.

Nọ́ọ̀sì Kubwa: Bàbá, àchà náà ń di ṣúgà lára. Bí òkèlè ṣe pọ̀ tó nínú abọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò.