Ewé tòmátò ń ní àbàwọ́n, ata rodo ń rọ nínú ilẹ̀ tútù: ṣé omi ló pọ̀ jù ni?

Ọlọ́gbà Ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ìbéèrè mi dá lé, ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Tòmátò àti ata rodo ló wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Látìgbà tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ewé ìsàlẹ̀ tòmátò ń ní àbàwọ́n dúdú, á pupa rúsúrúsú, á sì já. Ata rodo ní tirẹ̀ ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù. Lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi hóòsì wọ́n omi sí gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ṣé kí n fi kún omi ata ni, àbí kí n lọ ra oògùn tí wọ́n ń fín? Ṣé àrùn kan náà ló ń ṣe méjèèjì?

Àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má fi omi kún un o! Ẹ má sì tíì ra oògùn kankan. Àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti tòmátò ń ti ara omi tó dúró lórí ewé wá, ti ata ń ti ara omi tó dúró sí ìdí wá. Ohun tó máa wo ọ̀kan kò ní wo èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ata, torí òun ló tètè ń pa igi. Gbòǹgbò ń mí. Inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń mí wà. Bí omi bá kún ihò wọ̀nyẹn tí kò rí ibi lọ, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, kò ní lágbára láti fa omi mọ́, ewé á sì rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló dúró sí. Ẹni tó bá wá tún bu omi sí i, ó ń pa á ni. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Pythium àti Phytophthora, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tó ń mú gbòǹgbò jẹrà, fẹ́ràn, torí pé hóró wọn, ìyẹn ohun wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tàn kálẹ̀, máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi inú ilẹ̀ lọ bá gbòǹgbò tó ti rẹ̀. Bakitéríà kan tún wà, Ralstonia, tó máa ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Ìrísí gbogbo wọn jọra láti òkèèrè, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

Ẹ fi ọkọ́ hú ata kan tó ti rọ, ẹ má fà á tu, kí gbòǹgbò má baà já sí ilẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́. Gbòǹgbò tó sàn máa ń funfun, ó sì máa ń le. Èyí tó bá ti dúdú, ẹ fi èékánná méjì dì í mú kí ẹ fà á: bí awọ òde bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tó ku okùn tín-ín-rín láàárín, ó ti ń jẹrà. Lẹ́yìn náà, ẹ gé igi rẹ̀ ní ìwọ̀n ínǹṣì 3 láti ìdí, kí ẹ so ó rọ̀ sínú ife gíláàsì tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀, kí orí ibi tí ẹ gé kan omi. Ẹ má mì í. Bí nǹkan funfun bí omi ògì bá ń ṣàn wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà ni. Kò sí oògùn tó ń wo ìyẹn.

Ní ti tòmátò, ẹ gbé ewé náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí òrùka nínú òrùka lára àbàwọ́n náà, Alternaria ni, fungus ni, irú ẹ̀dá tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Hóró rẹ̀ kò lè wọ inú ewé gbígbẹ. Ó nílò kí ewé rin fún wákàtí mélòó kan kó tó lè hù. Omi ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ń wọ́n, tí ìrì òru wá bá lórí ewé, gbogbo òru ni ẹ fún un yẹn. Bí òjò bá sì ń ta erùpẹ̀ sókè láti ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí, ó ń gbé hóró náà lọ sára ewé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, ìdí ni kí ẹ sì máa dà á sí. Ẹ gé ewé ìsàlẹ̀ kúrò títí dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 sí ilẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ewé bá gbẹ ni o. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ máa ń kó àrùn káàkiri nínú ewé tútù. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìdí, kó nípọn tó ínǹṣì 2 sí 3, kó má kan igi gan-an. Ẹ ti ọ̀pá bọ ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ bàtà 2 wà láàárín igi sí igi kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Àgbádárìgì:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ má jẹ́ kí yanrìn tàn yín. Òkè rẹ̀ máa ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà òjò omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè wá bá gbòǹgbò láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ebè gíga nìkan ló lè gba ata níbẹ̀.

Ẹ fojú sí tẹ̀tẹ̀ yẹn pẹ̀lú. Bó bá ki jù nígbà òjò, ọ̀mùnú rẹ̀ á jẹrà, ẹ ó sì rí irun wẹ́wẹ́ tó ní orí dúdú lára rẹ̀. Choanephora nìyẹn, fungus mìíràn ni. Ẹ dín in kù kó tó ínǹṣì 6 láàárín ara wọn, kí ẹ má sì da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i. Ó máa ń mú kí ewé rọ̀ jù.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: ewé gbígbẹ kò bọ́ lọ́wọ́ gbogbo àrùn. Àtíkè funfun tí ń bo ewé ilá àti kùkúńbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò nílò omi lórí ewé rárá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán ti tó o. Nítorí náà, ẹ má gbin ilá pọ̀ mọ́ra lábẹ́ òjìji torí pé òjò ti lọ.

Ọlọ́gbà Ìgbógbó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ gbòǹgbò bọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, ìdí igi dúdú yíká níbi tó ti kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan funfun kò jáde nínú omi. Abẹ́ òrùlé gan-an ni ata wà, ibẹ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí. Àwọn kan ṣì dúró dáadáa. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́:
Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yẹn ni olórí ọ̀ràn. Ẹ gbé gọ́tà sí etí òrùlé, tàbí kí ẹ la poro kan tó máa gba omi náà lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá yà á, ohun yòówù tí ẹ bá gbìn síbẹ̀ máa rà.

Èyí tí ìdí rẹ̀ ti dúdú yíká, ẹ hú u pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá kúrò nínú ọgbà. Ẹ má kó o sórí ààtàn tí ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀. Fún àwọn tó ṣì dúró, ẹ la poro sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má sì bomi rin wọ́n àfi tí ẹ bá ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì tó sì gbẹ. Ẹ má wo ojú ilẹ̀. Ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì rin gbindin.

Ẹ má tún gbin ata, tòmátò tàbí ìgbá síbẹ̀ láìpẹ́, Phytophthora máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Àgbàdo lè bọ́ síbẹ̀ lórí ebè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Bí ata bá jẹ yín lógún ní báyìí, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni kí ẹ lò. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò bíi 6 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lé bíríkì méjì kí omi lè jáde. Erùpẹ̀ ìdá 2 láti ibi tí àrùn ò dé, yanrìn ìdá 1, ìgbẹ́ ẹran tó ti jinná ìdá 1. Ẹ má da òkúta sí ìsàlẹ̀. Omi á dúró lórí òkúta náà nínú erùpẹ̀ ni, gbòǹgbò á sì tún wà nínú rẹ̀.

Lórí oògùn: mancozeb, oògùn fungus tí wọ́n ń fín sí ewé, lè dáàbò bo ewé tòmátò tí kò tíì ní àbàwọ́n, àmọ́ kò lè wo èyí tó ti ní. Ìwọ̀n àti iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó ká tòmátò wà lára páálí rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má fín in sí tẹ̀tẹ̀. Kò sì ṣe nǹkan kan fún gbòǹgbò ata.

Kí ọkọ́ tí ẹ fi hú ata má lọ sí ìdí tòmátò láìfọ̀. Ẹ ha erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi bílíìsì ìdá 1 sínú omi ìdá 9 nù ún.