Iná ìta, iná ayọ̀, tàbí iná àjọyá?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe iná tí àwọn arìnrìn-àjò dá sáàárín igbó lálẹ́, tí wọ́n jókòó yí ká, nínú ìtàn àròsọ tó kún fún iwin, ẹbọra àti idán. Ẹnì kan dábàá "iná ìta". Ẹlòmíì ní "iná ayọ̀". Ẹnì kẹta ní ká kúkú kọ "bọ́nfáyà" ká sì sinmi. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn fún irú iná yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "iná ayọ̀" ní àyè tirẹ̀.

"Iná ìta" ló kọ́kọ́ ṣubú. Sọ fún ọmọdé kan ní Ìtòkú tàbí Kútọ̀ pé "lọ pa iná ìta", ibi súìṣì ni ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà ni iná ìta ní Abẹ́òkúta níbí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí níbi gbogbo tí wáyà dé. Bí àwọn ará àdúgbò bá pariwo pé "iná ti dé!", kò sẹ́ni tó ń sáré wá omi. Òǹkọ̀wé tó bá kọ "iná ìta ń tàn láàárín igbó" ti ri òpó NEPA mọ́ ìlú àwọn iwin láìmọ̀.

Ohun tí iná ń jó tàbí iṣẹ́ tó ń ṣe ni Yorùbá sábà máa ń wò kó tó sọ ọ́ lórúkọ: iná èédú, iná pápá, iná àgbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ kí ni iná arìnrìn-àjò wá ń ṣe? Wọ́n ń yá a ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí kì í ṣe tuntun rárá. Òun ló wà nínú Bíbélì Yorùbá, Jòhánù 18:18, níbi tí Pétérù ti dúró pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ tó ń yáná nítorí òtútù. "Ìyáná" kò ṣe é lò fún iná fúnra rẹ̀, torí ìṣe náà ni ì- ń tọ́ka sí. Àmọ́ bí a ti ní àjọṣe, àjọjẹ àti àjọgbé, kò sóhun tó ní ká má ní "àjọyá". Iná àjọyá: iná tí a jọ ń yá. Wọ́n á ní "yá" tún jẹ́ ti owó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó yí gbèsè ká lóru láti móoru?

Ní ti "iná ayọ̀", ẹni tó dá a lábàá ní "bon" inú bonfire, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ di bọ́nfáyà, túmọ̀ sí "dáadáa" lédè Faransé. Àṣìṣe ni. Egungun ni "bon" yẹn: bone àti fire ló di bonfire. (Ẹ má tìtorí ìyẹn pè é ní "iná egungun" o. Àmì ohùn méjì péré ló kù kí eégún gbà á lọ.) Àmọ́ Faransé ń pe tiwọn ní feu de joie, ìyẹn iná ayọ̀ gan-an. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣẹ́gun nínú ìtàn, tí gbogbo ìlú ń jó yí iná ká, ẹ kọ iná ayọ̀. Bí òkú ọba bá wà lórí igi tó ń jó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ayọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń da ìtàn rú jù. Bí a bá kọ "wọ́n dáná" lásán, òǹkàwé á máa retí ọbẹ̀. "Wọ́n dáná yá" ló yanjú rẹ̀. Ẹ sì fi àmì sí i. "Awon omo ogun dana leti odo" lè jẹ́ pé wọ́n dáná, wọ́n dánà bí olè, tàbí wọ́n dána ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí iná náà jó bí iná pẹ̀lú. Mo ti rí ibi tí akọni ti ń kó ìtì igi lé iná kékeré, tó sì gbiná bùlàbùlà lójú ẹsẹ̀. Èéfín lásán ni yóò rú, torí ìtì náà kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ògùṣọ̀ ló ń ṣáájú, ìyẹn fọ́nrán ẹyìn tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún epo; epo tó ṣẹ́kù sí i lára ló ń jẹ́ kó tètè ràn. Igi wẹ́wẹ́ bí ìka ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà igi tó tó ọrùn ọwọ́. Ìtì ló kẹ́yìn, kí orí wọn kojú síra láàárín. Bí wọ́n ti ń jó ni wọ́n ń tì wọ́n wọlé.

Ó ku iná orí òkè tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ogun. "Iná ìtanilólobó" gùn jù lẹ́nu. "Iná olobó" tó. Bí òkè náà bá fi mítà 100 ga ju ilẹ̀ títẹ́jú tó yí i ká, ẹni tó wà lórí rẹ̀ lè ríran dé nǹkan bíi kìlómítà 35. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Olúmọ ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ rántí pé láti ojú òkun ni wọ́n ti ka mítà 137 rẹ̀, kì í ṣe láti ẹsẹ̀ àpáta. Lóru, igi gbígbẹ ni kí ẹ fi dá a kí ọ̀wọ́ iná lè ga. Lọ́sàn-án, ewé tútù ni kí ẹ dà lé e, torí èéfín ni ojú ń rí lókèèrè. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ́ erùpẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: iná máa ń la òkúta, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń fọ́ òkúta ṣe ń lò ó. Ẹ̀ṣọ́ tó bá dá iná olobó sórí àpáta lásán lè gba àfọ́kù rẹ̀ sójú kí ọ̀tá tó dé.