Chevrolet Chevelle 1970: ṣé gíà 700R4 ni kí n gbé sí i ni àbí 200-4R?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń fọwọ́ ara yín tún mọ́tò ṣe. Houston ni mo wà. Ẹ́ńjìnnì 350 oníkábúrétọ̀ ló wà nínú Chevelle mi, gíà rẹ̀ sì ni TH350 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ìgboro, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, pẹ̀lú gíà ẹ̀yìn 3.73 tó wà nídìí rẹ̀ (pùrópẹ́là máa ń yí ní ìgbà 3.73 kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan), ṣe ló máa ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyàwó mi ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Mẹkáníìkì kan ní kí n kàn yí ẹ̀yìn sí 3.08. Mo kọ̀, torí mo fẹ́ràn bó ṣe ń ta kúrò nídìí iná.

Gíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́, kí ẹsẹ̀ kẹrin lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ lójú márosẹ̀. 700R4 fi nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta gùn ju èyí tí mo ní lọ, mo máa ní láti gé pùrópẹ́là. 200-4R bá a dọ́gba, irin tó gbé gíà dúró nìkan ni màá sún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kìíní 700R4 tún jẹ́ 3.06, ti 200-4R jẹ́ 2.74. Ṣé 3.06 ò ní pọ̀ jù fún 3.73?

Èyí tó ń já mi láyà jù ni okùn TV (okùn tó ti ara kábúrétọ̀ lọ sínú gíà, tó ń jẹ́ kí gíà mọ bí mo ṣe tẹná tó), torí tí kò bá tò dáadáa, gíà á jóná ni. Ẹni tó bá ti so ó mọ́ kábúrétọ̀ Edelbrock rí, ẹ jọ̀ọ́, irin wo lẹ fi dè é, báwo lẹ sì ṣe fà á tó fi tò? Mọ́tò yìí ò ní kọ̀ǹpútà: kí lẹ fi ń tan lock-up tiyín (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀ ṣinṣin lójú márosẹ̀)?