Ẹ wá sọ bẹ́ ẹ ṣe mọ Audrey Hepburn, òṣèré fíìmù òyìnbó yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìsọ̀kùn n'Iléṣà níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọ̀gá mi ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tó fi kọ́ sára ògiri lókè máṣíìnì ẹ̀, ọdún orí ẹ̀ ti lọ tipẹ́ ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́, torí obìnrin òyìnbó kan tó wà níbẹ̀, gáùn dúdú, ìbọ̀wọ́ dúdú tó gùn kọjá ìgúnpá, irun tó kó jọ sókè, péálì lọ́rùn. A ò mọ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, Àǹtí Oníbọ̀wọ́ la máa ń pè é.

Èmi wá rèé, mo tín-ín-rín gan-an láti kékeré. Kò sí orúkọ tí wọn ò pè mí tán, eegun, ìgbálẹ̀, lẹ́pa. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan wá gba aṣọ, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé wọn kì í fún ọmọ yìí lóúnjẹ ni. Ọ̀gá mi yọ téèpù lọ́rùn, ó fi tọ́ka sí kàlẹ́ńdà yẹn, ó ní "Mọ́mì, ẹ wo eléyìí dáadáa, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lòun náà, gbogbo ayé ṣì ń wò ó." Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún, ẹkún ayọ̀ ni o.

Ìgbà tó yá ni ẹnì kan mú fọ́tò gáùn yẹn gan-an wá lórí fóònù, ó fẹ́ fi ṣọjọ́ìbí. Ẹ̀yin télọ̀, ọ̀rọ̀ mi á yé e yín. Iwájú ẹ̀ ò ní nǹkan kan lára, kò sí òkúta, kò sí léèsì, ẹ̀yìn ni gbogbo iṣẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti gé e kí èjìká lè hàn, tó o bá sì ṣì í gé díẹ̀ péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo tú zíìpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òwú dúdú lára aṣọ dúdú, wọ́n sì ti mú iná lọ, àbúrò mi ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù fún mi títí a fi parí ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá a lórí Google, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Audrey Hepburn ni Àǹtí Oníbọ̀wọ́ wa. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Givenchy ló ya gáùn náà fún un, fún fíìmù tó jáde lọ́dún 1961, wọ́n sì ta ọ̀kan nínú ẹ̀ ní London lọ́dún 2006, ó lé ní 467,000 pọ́n-ùn, àwọn òtòṣì ní Íńdíà ni wọ́n sì fi owó ẹ̀ ràn lọ́wọ́. Ìyẹn dáa, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1929, Họ́láǹdì ló wà nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun Jámánì ò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé lọ́gìnnìtìn 1944 wọ 1945, ìdí òdòdó lásán làwọn èèyàn ń wú jẹ, ọmọ ọdún 15 sì ni. Ó mọ ebi! Lọ́jọ́ ogbó ẹ̀ ló wá gbéra fún UNICEF, àjọ tó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ kárí ayé, ó lọ sí Etiópíà lọ́dún 1988, ó lọ sí Sòmálíà lọ́dún 1992, kò sì pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ tó fi kú, January 1993, ẹni ọdún 63. Fọ́tò kan wà tó gbé ọmọ tí ebi ti pa di egungun mọ́ra. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú lórí kàlẹ́ńdà wa náà nìyẹn, kò wọ nǹkan kan sí i.

Ó yá, ta ló kàn?

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì: Ọmọ mi, o ṣeun. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n fi fíìmù ẹ̀ hàn wá lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tí wọ́n ta sára ògiri, èyí tó ti ṣe sístà ìjọ Kátólíìkì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kóńgò. Obìnrin tí wọ́n fi ayé ẹ̀ kọ ìwé tí fíìmù yẹn ti wá, ọ̀rẹ́ Audrey ni ó dà, nígbà tí ẹṣin sì gbé Audrey ṣubú tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ dá, obìnrin yẹn ló tọ́jú ẹ̀. Èmi tí mo ti tọ́jú aláìsàn fún ọdún púpọ̀, mo mọ̀ pé irú ẹni tó hùwà dáadáa síni nìkan lèèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ará Ẹnuwá: Èmi ò mọ̀ nípa aṣọ, ẹ̀yìn ààfin níbí ní Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Eléyìí tó ti ṣe ọmọ ọba tó sá jáde ní Róòmù ni mo wò, 1953, òun ló fi gba Oscar. Nígbẹ̀yìn ó bọ ọkùnrin tó fẹ́ràn níbẹ̀ lọ́wọ́ láàárín èrò, kò lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ojú ẹ̀ ló ń sọ ọ́. Mo wò ó tán, mi ò lè dá oníbàárà lóhùn.

Èmi náà nìyí: Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an, mi ò gbọ́ ti Kóńgò yẹn rí. Mà á wò ó lálẹ́ yìí tí wọ́n bá múná wá. Ọ̀gá mi ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn l'Ékòó, èmi ni wọ́n fi kàlẹ́ńdà yẹn sílẹ̀ fún, òkè máṣíìnì tèmi ló wà báyìí.