Ẹ̀jẹ̀ kò yé dà lójú egbò bàbá mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ awọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àfín ni bàbá mi, ọmọ ọdún 61, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò ní ẹ̀bátí wọn. Dókítà ò rán ojú ibẹ̀, ó ní á máa kún láti inú wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ni ẹ̀jẹ̀ ń dà. Lánàá, ó rin ìrọ̀rí. Àbúrò bàbá ní ká fún ewé Akíntọ́lá sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé gọ́ọ̀sì gbígbẹ lẹ ń fà ya? Èmi náà ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bá ẹran tuntun lọ. Ẹ fi omi iyọ̀ ọsibítù rin ín dáadáa, ẹ dúró títí á fi tú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Vaseline pa ojú egbò, kì í ṣe èyí tí gbogbo ilé ń tọwọ́ bọ̀ o, kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀sì tuntun bò ó.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Òótọ́ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé, kí bàbá jókòó, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ wo aago. Ẹ má ṣí i yọjú wò, yíyọjú yẹn ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì. Bí kò bá dá, ẹ tún un tẹ̀ fún 20 mìíràn. Kò dá síbẹ̀? Ọsibítù ni, òru ìbáà jẹ́. Ewé Akíntọ́lá, a mọ̀ ọ́n fún ọgbẹ́ àdá lóko, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn lè bá a wọ egbò tó ṣí sílẹ̀ báyìí. Oògùn wo ni bàbá ń lò?

Oníbéèrè: Aspirin tí dókítà ọkàn fún wọn, àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọn ò fẹnu kàn láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Kẹ́míìsì tún ta ibuprofen fún wọn nítorí ìrora.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Háà! Ẹ fi ibuprofen sílẹ̀, paracetamol ni kí wọ́n lò. Aspirin, ẹ má fúnra yín dá a dúró. Ẹ pe dókítà lónìí, kẹ́ ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà fún un. Tó bá ga, egbò ò ní yé ṣẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè sùn, kí wọ́n má sì gbé nǹkan wúwo.

Alájà: Tó bá san, àkẹtẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún wọn. Oòrùn ò ṣeé bá ṣeré fún àfín.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Dókítà ní kí wọ́n padà sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ká sì wá lọ́la. Mo tẹ egbò náà fún ìṣẹ́jú 20 lálẹ́ yìí, ó dá. Àbúrò bàbá ló kù tó ń bínú, ewé rẹ̀ ti rọ sórí tábìlì.