Èrò ń gbẹ láti ìyípo kẹta: kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀: kí la lè ṣe tí kọ́kọ́rọ́ ilé ò fi ní máa sọnù láràárọ̀? A ń fi kíkọ kó èrò jọ: ènìyàn 4, bébà 4. Kálukú á kọ èrò 3 ní ìṣẹ́jú 5, á sún bébà sápá ọ̀tún, ẹni tó gbà á á fi tiẹ̀ kún un. Ìyípo 4, èrò 48, ìṣẹ́jú 20. (Kíkọ sàn ju sísọ lọ; bẹ́nì kan bá gba ọ̀rọ̀ sẹ́nu, èrò àwọn tó kù á ti fò lọ.) Àmọ́ láti ìyípo kẹta, èrò kan náà, "ìṣó lẹ́nu ọ̀nà" (tá a ó máa fi kọ́kọ́rọ́ kọ́), ló ń pààrọ̀ aṣọ padà wá. Ṣé ká dorí ìbéèrè kodò, "kí ló lè mú kọ́kọ́rọ́ tètè sọnù?", àbí ká sinmi díẹ̀ ná? Ìgbà wo ló sì yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èrò?